Kẹ́ ẹ tó ra kámẹ́rà àtijọ́ l'Óṣogbo, ẹ gbé e lọ fún Bàbá yẹ̀ wò

Tẹ́ ẹ bá ní kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ nílé, tàbí ẹnì kan ń fi ọ̀kan lọ̀ yín pé kẹ́ ẹ wá rà á, ẹ má tíì sanwó o. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní àdúgbò Station Road níbí l'Óṣogbo, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹnu sọ ọ́ fáwọn èèyàn, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá nílò ẹ̀ lè rí i kà, torí iṣẹ́ tí Bàbá yìí ń ṣe, mi ò tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, inú mi ò sì ní dùn tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì làwọn èèyàn máa tó gbọ́ pé wọ́n wà.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ní pátákó kankan níta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò yẹn, wọn á júwe ẹ̀ fún yín. Inú ẹ̀ ò tóbi, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, fèrèsé kan tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé, àti káńtà onígíláàsì tí wọ́n to òkú kámẹ́rà sí, Zenit, Praktica, Yashica, Kodak Brownie, àwọn tí wọ́n ti tú nǹkan lára wọn láti fi tún òmíì ṣe. Bàbá fúnra wọn ti ya fótò rí, wọ́n ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, wọ́n ya ìbejì, àwọn fúnra wọn ló sì ń fọ fíìmù wọn. Nígbà tí fóònù dé tí kálukú ń ya ara ẹ̀, wọ́n fi fótò sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ títún kámẹ́rà ṣe.

Àmọ́ kì í ṣe ti àtúnṣe ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun tó gbé mi kọ̀wé ni yíyẹ̀wò: ẹ gbé kámẹ́rà dé, wọ́n á sọ irú èyí tó jẹ́ gan-an, ìgbà tí wọ́n ṣe irú ẹ̀, bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú, bóyá gbogbo ara ẹ̀ ló ti ilé iṣẹ́ wá àbí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan lára ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lórí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Ojú yín ló máa ṣe, wọn kì í gbé e wọ yàrá kankan lọ.

Kámẹ́rà àtijọ́ pọ̀ nílùú aró yìí ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Láti ayé Mbari Mbayo tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1962, láti ìgbà tí Àdùnní Olórìṣà ti ń ṣiṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun, onírúurú èèyàn ló ti gbé kámẹ́rà wọ Òṣogbo wá wo àwọn oníṣẹ́ ọnà, wá wo Ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, àwọn onífótò tiwa náà sì wà káàkiri, látòkè Fíà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbo ni gbogbo kámẹ́rà yẹn wà báyìí? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú àjà, inú àpótí ìyá àgbà. Àwọn ọmọ wá gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kámẹ́rà àtijọ́ ń pawó, wọ́n ń kó o jáde, ẹni tó ń tà ò mọ ohun tó ń tà, ẹni tó ń rà ò mọ ohun tó ń rà, àwọn kan wà láàárín tó mọ̀ ọ́n dáadáa tí wọ́n sì ń fi àìmọ̀ àwọn yòókù jẹun.

Kámẹ́rà bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbé lọ. Onílẹ́ńsì méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, irú èyí tẹ́ ẹ máa gbé sí àyà tẹ́ ẹ máa tẹríba wo inú ẹ̀ látòkè. Rolleiflex ni wọ́n ń pè é nílé wa láti kékeré mi. Rolleiflex tòótọ́, ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig, ní Jámánì, ló gbé e jáde lọ́dún 1929, orúkọ ẹ̀ wá ròkè débi pé tí àgbà kan bá ti rí lẹ́ńsì méjì lórí ara wọn, Rolleiflex ló máa pè é. Ti bàbá mi yìí, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ sí níwájú ẹ̀ ti já bọ́ tipẹ́tipẹ́, ojú gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló kù níbẹ̀.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò tiẹ̀ wo iwájú, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní, "Wo ibi tí wọ́n ti ń yí fíìmù. Tó bá jẹ́ kóńbó (knob) róbótó ni, mi ò bá sọ pé Yashica A ni, tàbí C, tàbí D, tàbí 635. Àmọ́ ọwọ́ tó ń yí po ló wà lára tìẹ. Yashica-Mat nìyẹn." Mo ní ṣé kì í wá ṣe Rolleiflex ni, torí Rolleiflex náà lọ́wọ́ tó ń yí. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ yí etí lẹ́ńsì ká síta. Mo kà á: Yashinon, 80mm, 3.5 lára ti ìsàlẹ̀ tó ń ya fótò, 2.8 lára ti òkè tá a fi ń wò. Wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Lára Rolleiflex, Tessar lo máa bá, tàbí Xenar, tàbí Planar, tàbí Xenotar. Yashinon ò bá wọn tan, ti Yashica ará Jàpáàn ni." Bẹ́ẹ̀ ni Jámánì ṣe di Jàpáàn lójú mi kórò, mo sì gbà, torí ẹnu èmi fúnra mi ni mo fi kà á.

Yashica-Mat tún wá pọ̀ o, láti 1957 ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó tẹ̀ lé e sì jọra débi pé tí orúkọ bá ti já bọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣì í mú. Ibi tí mo ti rí i pé Bàbá mọ iṣẹ́ wọn nìyí. Wọ́n fi èékánná wá ibi tí bátìrì ń gbé lára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n wá ṣàlàyé pé Mat LM àti Mat EM náà ní mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n selenium ni tiwọn, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń mú un ṣiṣẹ́, kò fẹ́ bátìrì. Tiwa yìí fẹ́ bátìrì, ìyẹn ni pé ó ti kọjá LM àti EM, 12 ni, tàbí 24, tàbí 124, tàbí 124G, kò sí nínú àwọn yòókù. Wọ́n wá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ dúdú kan wà níbẹ̀ tó máa ń tẹ fíìmù mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tì í, ó rìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúró, wọ́n tì í padà. Wọ́n ní kí èmi náà tì í. Mo tì í. Yashica 12, fíìmù 120 nìkan ló ń gbà, fótò méjìlá. Yashica 24, fíìmù 220 nìkan, fótò mẹ́rìnlélógún. 124 ló ń gba méjèèjì, irin tó ń rìn yẹn la sì fi ń sọ fún un èwo lẹ fẹ́ lò. Ó wá ku 124 lásán àti 124G. Èyí tí kì í ṣe G ní irin funfun tó ń dán lára ẹ̀, G dúdú láti òkè délẹ̀. Tiwa dúdú kírìkírì.

Yashica-Mat 124G ni kámẹ́rà bàbá mi, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1970 tí wọn ò sì dá dúró títí di 1986. Mo bi wọ́n léèrè kí ni G yẹn, wọ́n ní góòlù ni, àwọn ojú ibi tí iná mítà ń gbà kọjá nínú ẹ̀ ni wọ́n fi góòlù bò kó má baà dógùn-ún. Wọ́n kìlọ̀ fún mi níbẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé torí góòlù inú ẹ̀ lòun ṣe ń tà á wọ́n, kí n dìde kí n máa lọ, torí góòlù yẹn ò tó nǹkan tí èèyàn lè fojú rí dáadáa.

Ìyẹn ni ti irú èyí tó jẹ́. Ti bóyá ara ẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ mìíì nìyẹn. Bàbá mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n gbé e sórí àwọn síkúrúù iwájú, wọ́n wá kó awò náà fún mi. Orí síkúrúù méjì ti họ, ẹnu wọn ti ya, síkúrúdíráfà tí kò bá wọn mu ni ẹnì kan fi tú wọn rí. Síkúrúù tó bá ti ilé iṣẹ́ wá tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ẹnu ẹ̀ máa ń gún régé. Awọ ara ẹ̀ náà kì í ṣe tiẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni, ọwọ́ oníṣọ̀nà kan ló gé e, ó sì gé e dáadáa o. Wọ́n wá ní kí n gbé ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, sí B tó máa jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ṣí ihò lẹ́ńsì gbayawu, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n wo inú lẹ́ńsì láti iwájú ní ìdábùú. Létí kan báyìí, mo rí nǹkan tó tín-ín-rín tó ta bí òwú aláǹtakùn. Lẹ́ńsì ti ń bu nìyẹn. Àpótí tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀ nígbà òjò ló ń fà á, kò sì tíì wọnú débi tó máa ba fótò jẹ́. Ní ìparí wọ́n gbé ṣọ́tà sí ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n gbé e sétí, wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì dákẹ́, ó lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ó sì pa. Wọ́n mi orí. Ó dáa.

Mítà ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ wọ́n ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bátìrì PX625 tí wọ́n ṣe é fún, mercury ló wà nínú ẹ̀, 1.35 volt, wọn ò ṣe é mọ́ torí májèlé ni. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí tó wọ ibẹ̀ jẹ́ 1.5 volt, ó máa ń jẹ́ kí mítà pa irọ́. Àwọn kan máa ń lo bátìrì 675 tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ adití, 1.4 volt nìyẹn, ó sún mọ́ ọn jù. Fóònù mi ni mo fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ní tèmi, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀: ojúlówó 124G, tí ẹnì kan ti tú rí, tí awọ ẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, tí ṣọ́tà ẹ̀ dá ṣáṣá, tí lẹ́ńsì ẹ̀ fẹ́ fífọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kó kámẹ́rà jọ fún ẹwà ni mo fẹ́ tà á fún, awọ yẹn máa gé owó ẹ̀ kù. Fún ẹni tó fẹ́ fi ya fótò, awọ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ò tà á. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i ju ìgbà tí mo rò pé Rolleiflex ni lọ, torí mo ti wá mọ ohun tí bàbá mi fi jẹun gan-an.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ló wá le. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n fẹ́ràn ohun àtijọ́, ẹnì kan wá bá wọn pẹ̀lú Leica, kámẹ́rà Jámánì tó lókìkí, ó ní ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tó ti kú ló ti rí i. Ẹ ò rí kámẹ́rà náà! Àwọ̀ góòlù ni gbogbo irin ẹ̀, awọ pupa ló wà lára ẹ̀, wọ́n fín "Leica" sórí ẹ̀, wọ́n fín "Ernst Leitz Wetzlar" sábẹ́ ẹ̀, wọ́n tún wá fín òrùka márùn-ún ti Òlíńpíìkì àti Berlin 1936 sí i. Ojú ẹni tó ń tà á le koko, owó tó pè kọjá owó ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ẹni tó ń tà á náà gbà, ó ní òun máa tẹ̀ lé wa.

Bàbá wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣí káńtà, wọ́n mú òkú Zorki kan jáde, kámẹ́rà ilẹ̀ Soviet, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n yọ lẹ́ńsì méjèèjì, síkúrúù ni wọ́n fi ń wọlé, wọ́n sì fẹ̀ bákan náà, 39mm. Wọ́n wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò "Leica" náà, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. "Wo òkè inú ẹ̀ yẹn. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń fara kan ẹ̀yìn lẹ́ńsì, òun ló ń sọ fún rangefinder bí ohun tó ò ń yà ṣe jìnnà tó. Nínú Leica, táyà kékeré ni, ó róbótó, ó sì máa ń yí. Kí lo rí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò rí táyà, irin pẹlẹbẹ tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ báyìí làwọn rí. Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì sínú Zorki. Irin pẹlẹbẹ yẹn náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ń tà á náà wá wò ó. Ó wá wò ó.

Ká ní ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dúró, ó ti tó. Àmọ́ Bàbá kì í gba ẹ̀rí kan ṣoṣo gbọ́, ohun tó jẹ́ kí n máa yìn wọ́n nìyẹn. Wọ́n mú lẹ́ńsì ẹ̀ tó ní "Elmar" lára. Nínú Elmar tí Leitz, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Leica, ṣe, àwọn irin tó ń sọ ihò lẹ́ńsì di ńlá tàbí kékeré, ẹ̀yìn gíláàsì àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n wà. Bàbá ń fi ọwọ́ yí i kí ihò yẹn máa ṣí kó máa pa dé, wọ́n ní ká wo bó ṣe jìn tó. Ó jìn, ó wà lẹ́yìn gíláàsì kejì. Industar ni, lẹ́ńsì tó máa ń bá Zorki wá, wọ́n kàn pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ ni.

Ẹni tó ń tà á wá ní kí Bàbá wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sórí ẹ̀, pé òun ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà Leica tòótọ́ ni. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n ní òótọ́ ni, Leitz kọ nọ́ńbà gbogbo kámẹ́rà wọn sínú ìwé, àwọn èèyàn sì ti gbé e jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè fín "Leica" sára nǹkan lè fín nọ́ńbà náà sí i. Wọ́n bi í pé irú èwo ni ìwé náà pe nọ́ńbà yẹn, ó wo fóònù ẹ̀, ó ní Leica III. Bàbá ní Leica III, tó jáde ní 1933, ní kóńbó kékeré kan níwájú fún ìgbà tí ṣọ́tà bá máa rọra lọ. Ti ọwọ́ wa ò ní kóńbó kankan níwájú. Wọ́n tún fi kún un fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pé nọ́ńbà nìkan ò tó láti fi dá ẹjọ́ kankan, yálà fún kámẹ́rà ni o, yálà lòdì sí i, torí Leitz fúnra wọn máa ń gba Leica I àtijọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á sọ ọ́ di II tàbí III, nọ́ńbà àtijọ́ á sì wà lára ẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo inú kámẹ́rà kí wọ́n tó wo òde.

Ti góòlù ńkọ́? Leitz ṣe Leica oníwúrà lóòótọ́ láyé ọjọ́un, Luxus ni wọ́n ń pè é, kò pé ọgọ́rùn-ún, Leica I ni, kò sì ní rangefinder. Eléyìí ní rangefinder. Ti Òlíńpíìkì yẹn àti èyí tí wọ́n máa ń fín àmì ológun Jámánì sí, àwọn tó mọ Leica dáadáa kì í fi wéré gbà wọ́n. Leica kan wà tí àwọn ológun òfuurufú Jámánì lò ní tòótọ́, àmọ́ ayédèrú tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Bàbá wá sọ ìtàn ẹ̀ fún wa. Lọ́dún 1934, ní ìlú Kharkov, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámẹ́rà kan tó jọ Leica II ní gbogbo ọ̀nà, FED ni wọ́n pè é. Nígbà tó di 1948, ilé iṣẹ́ tó wà ní Krasnogorsk lẹ́bàá Moscow náà ń ṣe tiwọn, Zorki. Kámẹ́rà gidi ni wọ́n, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i, wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí Soviet Union tú ká lọ́dún 1991 ni àwọn kan wá rí i pé òyìnbó arìnrìn-àjò máa san owó ńlá fún ohunkóhun tí wọ́n bá kọ Leica sí, ni wọ́n bá ń ha orúkọ Zorki kúrò, wọ́n ń fín Leica sí i, wọ́n ń bò ó ní góòlù, wọ́n ń fi awọ pupa, awọ ejò, awọ aláwọ̀ ewé sí i. Ó ti tàn ká gbogbo ayé. Ó ti wá dé Òṣogbo náà.

Ohun tó wú mi lórí jù, Bàbá ò bẹnu àtẹ́ lu kámẹ́rà náà. Wọ́n yí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣọ́tà ń lọ dáadáa, wọ́n ní, "Kámẹ́rà dáadáa ni. Bó o bá fi fíìmù sí i lónìí, ó máa ya fótò tó mọ́ kedere. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i ló ń pa irọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún ọ lówó Zorki, rà á." Wọ́n tiẹ̀ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n á ṣe lò ó, pé kí wọ́n kọ́kọ́ yí fíìmù kí wọ́n tó mú ìyára ṣọ́tà, torí nọ́ńbà tó wà lórí kóńbó ò ní dúró síbi tó yẹ tí wọn ò bá tíì yí i. Ẹni tó ń tà á ò fẹ́ owó Zorki. Ó gbé kámẹ́rà ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ pé onígbàjúẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á fún òun náà lówó Leica, àánú ẹ̀ ṣe mí bó ṣe ń wo ihò yẹn.

Ẹ wò ó, mo ti bá àwọn tó ń ta kámẹ́rà pàdé, l'Óṣogbo àti lẹ́yìn odi, tó jẹ́ pé wọ́n á wo orúkọ iwájú, wọ́n á pe owó, ó parí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí làwọn àgbà wí, Bàbá ò sì ní kẹ́ ẹ gba àwọn gbọ́, ojú tiyín ni wọ́n ń lò. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ yín, awò wà lọ́wọ́ yín, ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ̀yin náà rí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí mo san lórí Yashica yẹn, mo ti lè fi ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ dá Yashica mìíì mọ̀ láì jẹ́ pé mo padà lọ bi wọ́n. Wọ́n tún kọ́ mi ní ti Zenit àti Kiev lọ́fẹ̀ẹ́, pé nọ́ńbà méjì tó ṣáájú nínú nọ́ńbà ara wọn sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, tẹ́ ẹ bá rí 78 níwájú, 1978 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Zenit wà nílẹ̀ yìí, ẹ lọ wo tiyín.

Àwọn ibi tó kù díẹ̀ káàtó wà o, mi ò ní fi pamọ́. Bàbá kì í kọ ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ẹ̀, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun, kò ní gba ẹnu yín gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó kọ díẹ̀ sẹ́yìn páálí fíìmù fún mi. Ìmọ̀ràn mi ni pé nígbà tí wọ́n bá yọ lẹ́ńsì tí wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi fóònù yín ya inú ẹ̀, ẹ ya síkúrúù, ẹ ya nọ́ńbà, wọn ò ní bínú. Ìkejì, wọn kì í dá owó lé kámẹ́rà. Bó ti wù kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n tó, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe ọlọ́jà. Èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá wá síbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdí tí wọn ò fi ní ọ̀tá láàárín àwọn tó ń tà nìyẹn náà.

Ìkẹta ni ti àtúnṣe. Lẹ́ńsì tí mo fi sílẹ̀ kí wọ́n fọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ dáadáa, mo sì ráhùn. Nígbà tó jáde, ó mọ́ fónífóní, kò sí ìlà kankan lójú ẹ̀, mo wá rí i pé wọn ò fẹ́ kánjú ni, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà tí ọpọlọ ẹ̀ bá jẹ́ iná, irú Canon AE-1 tí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ti kú, wọ́n á dá a padà fún yín lójú ẹsẹ̀, wọn ò ní gbowó. Ti dígítà, ẹ má tiẹ̀ gbé e dé ibẹ̀.

Ẹ lọ láàárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn bá dáa, torí tí kò bá sí iná tí òjò sì ṣú, tọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń lò, ẹ̀yin fúnra yín ò ní ríran dáadáa. Ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti ń lọ sí aago méjìlá, wọ́n ti ń múra mọ́ṣáláṣí, wọn kì í sábà padà wá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má nu lẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó lọ, pàápàá ẹ má fi etí ẹ̀wù nù ún, eruku ò ba lẹ́ńsì jẹ́ tó bí ẹ̀wù ṣe ń bà á jẹ́. Ẹ má fi epo kankan sí ibi tó bá le. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé fíìmù ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ má ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ rárá, Bàbá ní àpò dúdú tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ láti fi yọ ọ́, wọ́n sì ṣì ń bá èèyàn fọ fíìmù dúdú-àti-funfun tẹ́ ẹ bá bá wọn dúnàádúrà ẹ̀ lọ́tọ̀.